4s ló kọ́kọ́ wọlé, òun náà ló kọ́kọ́ ń jáde

Láti Àjàṣẹ́:

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní terminale, kíláàsì tó kẹ́yìn ní girama, ló gbé ìwé rẹ̀ wá bá mi. Wọ́n ti kọ bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń wọ yàrá wọn nínú átọ́ọ̀mù fún wọn (nọ́ńbà ni ìpele, lẹ́tà ni irú yàrá): 1s, 2s, 2p, 3s, 3p, lẹ́yìn náà 4s, kó tó kan 3d. Ó ní, "Tọ́ntọ̀n, ìpele kẹta ò tíì kún, kí ló gbé wa dé ìkẹrin?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn. "Règle de Klechkowski" ni wọ́n máa fi ń dá wọn lóhùn, bí ẹni pé orúkọ ti parí ọ̀rọ̀. Àwọn ìbátan wa tó kàwé lódì kejì bodè Ìdírókò ní Aufbau làwọn mọ̀ ọ́n sí. Kí ẹ ro n (nọ́ńbà ìpele) pọ̀ mọ́ l (0 fún s, 1 fún p, 2 fún d), èyí tó bá kéré ni kó ṣíwájú: 4s jẹ́ 4+0, 3d jẹ́ 3+2. Bí wọ́n bá dọ́gba, bíi 3d àti 4p, èyí tí n rẹ̀ kéré ló ń kọ́kọ́ gbà.

Mo ní kó wo pọtásíọ̀mù. Ká ní 3d ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kọkàndínlógún rẹ̀ wọ̀, kò ní fìwà jọ sódíọ̀mù rárá. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ló lè gbiná bí wọ́n bá kan omi, ẹyọ kan ṣoṣo ni kálukú sì ń jù sílẹ̀. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù s máa ń yọ́ dé ìtòsí àárín átọ́ọ̀mù ju ti d lọ, ibẹ̀ sì ni ìfàmọ́ra ti le.

Irin ló wá dá wàhálà sílẹ̀. 3d⁶ 4s² ni (nọ́ńbà kékeré tó wà lókè ni iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù). Nígbà tó fẹ́ kọ Fe²⁺, ìyẹn irin tó ti pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì, bírò rẹ̀ fa igi lé méjì nínú 3d. Mo ní rárá o, 4s ni kó pa rẹ́, kó ku 3d⁶. Bí 3d bá ti lérò nínú, ó ti wọ inú lọ nìyẹn. 4s ló wà níta, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ já gbà. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Láti Kétu:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò tíì dé orí kírómù! 3d⁵ 4s¹ ni, kì í ṣe 3d⁴ 4s². Bàbà náà, 3d¹⁰ 4s¹. Olùkọ́ wa ní bí 3d bá kún dé ààbọ̀ géérégé, tàbí tó kún pátápátá, ìyẹn ló ń mú un fìdí múlẹ̀. Mo gbà á, àfìgbà tí mo rí tungsten nínú òpó kan náà pẹ̀lú kírómù, ní ìlà méjì sísàlẹ̀ rẹ̀ nínú tábìlì, tó jókòó sí 5d⁴ 6s². Mo bi í léèrè. Ó ní kí n kọ́kọ́ gba BAC, ìwé ẹ̀rí àṣejáde girama, ná.