Ìdáhùn: "aríwájú-ọjà" kì í ṣe orúkọ ohun, orúkọ ènìyàn ni

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́, ẹ kú ìjíròrò o. Mo ti fẹ́ dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ nígbà tí mo rí i pé wọ́n ti ń kí àbúrò wa tó wà ní Houston kú oríire pé ó ti bá Yorùbá wá ọ̀rọ̀ tuntun rí, ara mi kò gbà á mọ́.

Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lè bá wa lọ: ẹnìkan gbé ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àbúrò wa pé kó túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tó ń ta jẹnẹrétọ̀ ńlá, kátápílà àti ẹ̀yà ara wọn nílé. Ìwé náà ń kọ́ni bí èèyàn ṣe lè ṣirò ohun tí ọjà máa béèrè lọ́jọ́ iwájú, ní kúlẹ̀kúlẹ̀, kí èrè lè pọ̀ sí i. Àbúrò wa pe ìṣirò yẹn ní "aríwájú-ọjà". Alàgbà wa n'Íbàdàn ní "àsọtẹ́lẹ̀ ọjà" ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Ìyá wa Olùkọ́ ní "àfojúsùn" ló dára jù. Èmi kò gba ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé "àfojúsùn" kúrò lọ́nà, torí kò gba àkókò. Àfojúsùn ni ibi tí mo fẹ́ dé. Mo lè fojú sun ọgọ́rùn-ún jẹnẹrétọ̀ lóṣù yìí, ọjà kò tilẹ̀ gbọ́ pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tó bá ń fi ohun tó wù ú ṣirò ohun tó máa tà, gbèsè ló ń ṣirò. Ìyá wa, ẹ má bínú.

Ó wá kan "aríwájú-ọjà". Àbúrò, wo iṣẹ́ tí a- olóhùn àárín yẹn ń ṣe. A mú rí àti ìran, a fi a- síwájú wọn, ó di aríran: ènìyàn ni. A mú rí inú àti rí òde, ó di Arínúróde: Ọlọ́run ni. Ṣé ìwé tí wọ́n to nọ́ńbà sí lo wá fẹ́ kó tò sẹ́yìn àwọn wọ̀nyí? Bí mo bá gbọ́ "aríwájú-ọjà" lójijì, tí ìwé kò sí lọ́wọ́ mi, ohun tí màá rò ni pé wọ́n ti fi ẹnìkan joyè tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyálọ́jà, pé ká lọ wá aṣọ ẹbí.

O ti fèsì lánàá pé a- náà ló bẹ̀rẹ̀ "amúnáwá", òun ló bẹ̀rẹ̀ "amúlétutù", òun ló bẹ̀rẹ̀ "asọ̀rọ̀mágbèsì", kò sì sí ènìyàn nínú wọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ amúnáwá fúnra rẹ̀ ló ń mú iná wá. Tàn án, kó o lọ sùn, iná á wà. Ìṣirò ọjà kò rí nǹkan kan. Èèyàn ló ń rí, ìṣirò ló fi ń wò. Ẹni tó bá gbàgbé ìyàtọ̀ yìí ni yóò jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ tí yóò máa sọ pé "ó ní a máa ta ẹgbẹ̀rún", bí ẹni pé kọ̀ǹpútà ló máa san owó àwọn tó kó ẹrù fún wa.

Ọ̀dọ̀ Alàgbà ni ẹjọ́ ti le.

Wọ́n ní a ń sọ "àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́" lórí rédíò, ẹnikẹ́ni kò sì rò pé wòlíì ló ń ka ìròyìn. Mo gbà. Kì í ṣe torí wòlíì ni mo fi ń jà. Òjò kì í gbọ́ rédíò ni. Bí wọ́n bá ní òjò máa rọ̀ l'Óṣogbo lọ́la, tí gbogbo Òṣogbo ra agboòrùn, òjò kò ní torí ẹ̀ pọ̀ sí i. Ọjà ní tirẹ̀ ń gbọ́ o! Sọ fún àwọn alágbàtà ẹ̀rọ pé ọdún tó ń bọ̀ máa dùn: kálukú á béèrè ju ohun tó nílò lọ, kí ọjà má bàa tán mọ́ òun lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ á rí ìbéèrè yẹn, á pè é ní ọjà, á gba òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́. Bí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ gan-an bá wá dáwọ́ dúró díẹ̀, alágbàtà á kọ́kọ́ ta èyí tó ti kó jọ sínú ọgbà kó tó béèrè òmíràn. Ìdínkù kékeré níwájú, ó di ọ̀fọ̀ ńlá lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ tí a sọ nípa ọjà ti di ara ọjà. "Tẹ́lẹ̀" tó wà nínú àsọtẹ́lẹ̀ kò gbé ìyẹn. Ó dà bí ẹni pé ọjà dúró síbì kan, tí àwa dúró síbì kejì, tí a ń sọ nípa rẹ̀.

Ẹ wo Caterpillar, tí orúkọ rẹ̀ ti di Yorùbá lẹ́nu wa débi pé ọmọdé tó bá rí ẹ̀rọ tó ń wó ilé, kátápílà ló ń pè é, ta yòówù kó ṣe é. Lọ́dún 2011, nígbà tí Ṣáínà ń ra irin àti èédú bí ẹni pé kò ní tán, Caterpillar ra Bucyrus, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìwakùsà, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 8.8 dọ́là. Ní 2012, owó tó wọlé fún un fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 66 dọ́là. Ní 2016, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi bílíọ̀nù 38.5. Iye tí wọ́n ń ra irin àti èédú já, àwọn awakùsà kò náwó bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àwọn alágbàtà ń ta èyí tó wà nílẹ̀. Àwọn tó ń ṣirò níbẹ̀ kì í ṣe òpè. General Electric, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe ẹ̀rọ iná, náà ra ẹ̀ka iná Alstom ti ilẹ̀ Faransé lọ́dún 2015. Nígbà tó máa fi di oṣù kejìlá 2017, ẹ̀ka iná General Electric ti kéde pé òun máa dín nǹkan bí 12,000 iṣẹ́ kù, torí pé àwọn tó ń ra táábáìnì onígáàsì, ẹ̀rọ ńlá tó ń fi gáàsì ṣe iná, kò tó. Lónìí ẹ̀wẹ̀, àwọn ilé kọ̀ǹpútà ńláńlá tó ń jẹ iná ti mú kí àwọn èèyàn máa tò fún táábáìnì kan náà, kí wọ́n máa sanwó rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Ẹni tó ní táábáìnì ti kú, àti ẹni tó ní kò lè kú láéláé, Alàgbà, àsọtẹ́lẹ̀ ta ló ṣẹ?

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀-ìṣe tí mo lò yẹn. "Ṣẹ" ló ń bá àsọtẹ́lẹ̀ rìn. Ó ṣẹ, tàbí kò ṣẹ. A sọ ọ́, a jókòó, a ń dúró dè é. Ìdí nìyẹn tí à- fi bá a mu: àkọsílẹ̀, àbájáde, àṣẹ́kù, iṣẹ́ ti parí lórí gbogbo wọn. Iṣẹ́ kì í parí lórí ìṣirò ọjà. Àwọn baba wa mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìwé tí wọ́n gbé fún àbúrò wa: bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Wọn kò ní kó dá a lẹ́ẹ̀kan lóṣù kìíní kó tì í mọ́nú fáìlì títí dé Kérésìmesì. Ọrọọrún ni wọ́n wí.

Nínú àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, Komatsu ti ilẹ̀ Japan ló sún mọ́ ọrọọrún jù lójú tèmi. Láti bí ọdún 2001 ni wọ́n ti ń fi ohun kan tí wọ́n pè ní Komtrax sínú ẹ̀rọ wọn kó tó kúrò lọ́wọ́ wọn, ó sì ń ránṣẹ́ padà: ibi tí ẹ̀rọ wà, iye wákàtí tó fi ṣiṣẹ́. Nígbà tí ìjọba Ṣáínà dín owó yíyá kù ní 2004, Komatsu rí i pé ẹ̀rọ tó wà lọ́hùn-ún kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n sì dín èyí tí wọ́n ń ṣe kù kí ìròyìn tó tàn kálẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ohunkóhun tẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n wò ó, wọ́n wọ̀n ọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa gbé nìyẹn, ojú àti ìwọ̀n pa pọ̀, pẹ̀lú ì- tó fi hàn pé iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́: ìfojúdíwọ̀n ọjà. Èmi kọ́ ni mo ṣẹ̀dá rẹ̀. Ó wà lẹ́nu káfíńtà, ó wà lẹ́nu télọ̀. Bàbá kan wà nítòsí wa nígbà tí mo ń ta ẹ̀yà jẹnẹrétọ̀ l'Ékòó, kò mọ kọ̀ǹpútà, ṣọ́ọ̀kì ló fi ń fàlà sára ògiri fún gbogbo fíltà tó bá tà. Bí wọ́n bá bi í léèrè bó ṣe mọ̀ pé ọjà máa tán lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á ní "mo fojú díwọ̀n ẹ̀ ni". Irú wọn kò pọ̀ mọ́. Lónìí, ọmọ tó kàwé jù nínú ìsọ̀ ni kì í mọ ohun tó wà lórí pẹpẹ.

Ẹnìkan ti kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀ pé ìfojúdíwọ̀n kò lágbára tó, pé ojú lásán ni, pé ìwé náà ń sọ ti kúlẹ̀kúlẹ̀. Ojú wo ni lásán? Ṣé ojú ọjà ni lásán, àbí ojú owó? Ẹ gba èyí wò. Jẹnẹrétọ̀ ńlá tó ń lo dísẹ̀lì, lẹ́yìn nǹkan bí 250 wákàtí la máa ń pààrọ̀ ọ́ìlì àti fíltà rẹ̀. Bí àwọn oníbàárà mi bá ní 100, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ wákàtí 10 lójúmọ́, wákàtí 1,000 ni gbogbo rẹ̀ ń ṣe lójúmọ́. Pín in sí 250, ìpààrọ̀ mẹ́rin ni lóòjọ́, nǹkan bí 120 lóṣù. Lẹ́yìn náà ni ojú tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: ṣé iná ìjọba ti ń pẹ́ díẹ̀ ládùúgbò wọn? Ta ló ti gbé sólà sórí òrùlé? Èló ni dísẹ̀lì? Ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé fíltà bọ̀ láti Ṣáínà máa lò ju oṣù kan lọ lójú òkun, nítorí náà ohun tí mo máa tà lóṣù tó ń bọ̀ kọ́ ni mò ń rà lónìí. Ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan gòkè láti nǹkan bí ₦470 sí ohun tó lé ní ₦700 kí oṣù tó parí. Ẹni tó díwọ̀n fíltà tí kò díwọ̀n náírà ta ọjà rẹ̀ tán, ó rẹ́rìn-ín, kò sì rí iye kan náà rà padà. Ibẹ̀ ni èrè wà tàbí tí kò sí. Bí ẹ bá fẹ́ kó hàn nínú orúkọ, ẹ pè é ní "ìfojúdíwọ̀n ọjà oníkúlẹ̀kúlẹ̀", n kò ní jà.

Ẹni tó sì ní Ìjẹ̀bú bíi tèmi kò yẹ ní ẹni tó ń dá sí ọ̀rọ̀ ohùn, mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ owó la ń sọ níbí, bí kì í bá ṣe Ìjẹ̀bú, ta lẹ tún fẹ́ bi?

Ó ku ohun kan. Alàgbà ní bí a bá máa lò ó, "diwọ̀n" ni ká kọ, láìfi àmì sórí i, torí pé "di ìwọ̀n" ló ti wá. Rárá o. Dá ìwọ̀n ni. Bí a ṣe sọ dá Ifá di dífá, bẹ́ẹ̀ náà la sọ dá ìwọ̀n di díwọ̀n. Ohùn òkè dá ló dúró sórí í. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní mo sá fún wòlíì, mo lọ subú lé babaláwo. Kò burú, dá kan náà ni, n kò sì tijú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Alàgbà bá ṣì dúró lórí "di", kí wọ́n fi àpẹẹrẹ kan hàn mí níbi tí di ti bá ọ̀rọ̀ oníì- pàdé tó sì jáde pẹ̀lú ohùn òkè. Ọ̀kan péré. Kí wọ́n má sọ fún mi mọ́ pé olùkọ́ wọn ní Modern School ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sójú pátákó.