Mo fẹ́ ṣe fọlọ́ńtíà fún àwọn ọ̀dọ́ tí ọkàn wọn ò balẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ọdún 19 ni mí, mo fẹ́ máa bá àwọn ẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, àmọ́ tẹ́nì kan bá lọ ní òun fẹ́ pa ara òun ńkọ́?

Èsì: Bi í léèrè tààrà bóyá ó fẹ́ pa ara ẹ̀, ìbéèrè yẹn kọ́ ló máa fi èrò náà sí i lórí o. Pe ọ̀gá yín kíá, má dá a gbé, má sì ṣèlérí pé o ò ní sọ fẹ́nì kankan.

Èsì: Mo ti ṣe é rí. Ọmọ kan kàn ń tẹ "hmm" ránṣẹ́ ni, mo ní "mo ṣì wà ńbí", ó tó 20 ìṣẹ́jú kó tó lanu. Tí wọn ò bá fún ẹ ní tréníìn, sá!

Oníbéèrè: Ẹ ṣé o. Mi ò tiẹ̀ ronú kan ti ìlérí yẹn.