Mo fẹ́ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń fi sátẹ́láìtì ka àwọ̀ òkun, Ìbàdàn la sì wà: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ_Agbówó:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀gá wa ti gbé iṣẹ́ lé mi lọ́rùn, wọ́n ní kí n fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ 12 bí wọ́n ṣe ń fi sátẹ́láìtì ka àwọ̀ òkun, kí wọ́n lè mọ iye chlorophyll (èròjà tó ń mú kí ewé rí gíríìnì) tó wà nínú omi, kí wọ́n sì dá omi tó mọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ru. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ yìí ò tíì fojú kan òkun rí o, adágún Ẹlẹ́yẹlé ni òkun tiwọn. Láptọ́ọ̀pù mẹ́fà péré ló ń ṣiṣẹ́, Windows ló wà lórí gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ iná náà ẹ kúkú mọ̀ ọ́n.

Mo dán an wò lọ́jọ́ kan lóṣù tó kọjá, ojú mi rí màbo. Mo ṣí síláìdì, mo bẹ̀rẹ̀ látorí ìṣirò bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá, ààmì Gíríìkì lórí ààmì Gíríìkì, kó tó di aago kan ọ̀sán mẹ́ta ti sùn lọ fọnfọn, ọ̀kan tí kò sùn wá ní "bùrọ̀dá, ẹ má bínú o, ṣé fọ́tò ni nǹkan yẹn ń yà ni àbí ó ń wọn nǹkan?" Mi ò mọ èyí tí mo máa wí. Ẹ gbà mí o.

Àǹtí_Dátà:
Àbúrò, ìbéèrè ọmọ yẹn gan-an ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló ń wọ̀n, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Má ṣí síláìdì kankan lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ra abọ́ tánńganran funfun kan, kó fẹ̀ tó bíi 30 sẹ̀ńtímítà, lu ihò sí i, so okùn mọ́ ọn, so nǹkan wúwo sí i nísàlẹ̀, kó o ta kókó sí okùn yẹn ní sẹ̀ńtímítà mẹ́wàá mẹ́wàá, kó o wá kó wọn sí míkrà, ó di Ẹlẹ́yẹlé. Kí wọ́n wà nínú ọkọ̀ apẹja (wọ lifejacket fún wọn o, ọmọ ọlọ́mọ ni), kí wọ́n máa sọ abọ́ yẹn kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n máa ka kókó títí abọ́ á fi pòórá. Secchi disk ni, àlùfáà ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Angelo Secchi ló gbé e jáde lọ́dún 1865, wọ́n ṣì ń lò ó dòní. Ẹni tó bá ti fojú ara ẹ̀ rí abọ́ funfun tó kọ́kọ́ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tàbí tó di aláwọ̀ ewé kó tó wọlẹ̀ lójú ẹ̀, ó ti mọ̀ pé nǹkan tó wà nínú omi ló ń yí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ padà, ìwọ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa laagùn.

Ìyá tó bí ìyá mi, aláró ni wọ́n. Tí wọ́n bá ti wo ojú ìkòkò aró báyìí, wọ́n ti mọ̀ bóyá ó ti gbó. Ohun tí sátẹ́láìtì ń ṣe látòkè náà nìyẹn, kàn jẹ́ pé nọ́ńbà ló fi ń sọ tiẹ̀. Chlorophyll máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ búlúù mì, pàápàá èyí tí ìgbì ẹ̀ gùn tó nǹkan bíi 443 nánómítà, kì í fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan gíríìnì. Torí ẹ̀ ni òkun tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní àwọn ewéko wẹ́wẹ́ tó ní chlorophyll nínú ara wọn ṣe máa ń rí bí aró, èyí tó kún fún wọn sì máa ń rí bí ewédú tí omi pọ̀ nínú ẹ̀. Kí wọ́n fi búlúù wéra pẹ̀lú gíríìnì, ìdí ọ̀rọ̀ nìyẹn, ìṣirò tó kù á wọlé tó bá yá.

Ibi tó yẹ kó o ti fara balẹ̀ ni ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́. Nínú ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì látorí òkun, nǹkan bíi 90 nínú 100 ló jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ti wá, ìwọ̀nba tó kù ni ti omi. Bíi kẹ́nìkan máa bá ọ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ láàárín ọjà Bódìjà níbi tí ẹ̀rọ ìlọta ń ké. Tó o bá ṣi ariwo yẹn yọ díẹ̀ báyìí, ohun tó o máa gbọ́ kọ́ ló sọ. Lásìkò ọyẹ́ ni kó o ti mú àpẹẹrẹ, nígbà tí eruku aṣálẹ̀ bá gba orí wa kọjá lọ sójú òkun.

Tẹ́ẹ̀kì_Òjòó:
Ẹ ṣeun Àǹtí. Ọ̀rọ̀ Windows yẹn ni temi. SeaDAS, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn NASA (àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà) ṣe fún dátà àwọ̀ òkun, ọ̀fẹ́ ni, ó máa ṣí lórí Windows tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo máàpù, àmọ́ apá tó ń sọ dátà tútù di chlorophyll, Linux tàbí Mac ló ń fẹ́. Má jẹ́ kí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta jìjàkadì pẹ̀lú ìyẹn o, mo ti rí i níbi tó ti ba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ jẹ́. SNAP, irú ètò bẹ́ẹ̀ ti àwọn ESA (àjọ òfuurufú Yúróòpù), ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, ọ̀fẹ́ lòun náà, ìṣirò kan tó ń jẹ́ C2RCC sì wà nínú ẹ̀ fún omi etí òkun tó ru.

Dátà wá ńkọ́? Tí àwọn 12 bá jọ ń dànlóòdù lórí wáìfáì kan, ilẹ̀ á ṣú bá yín síbẹ̀. Fi Level-3 (dátà tí wọ́n ti ṣírò di máàpù) bẹ̀rẹ̀, ti MODIS tó wà lórí sátẹ́láìtì Aqua, olóṣooṣù, píkísẹ̀lì (ẹyọ kékeré inú àwòrán) kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 4 km, kò wúwo, ọdún 2002 ni wọ́n ti gbé sátẹ́láìtì yẹn lọ sókè torí náà ọdún tó wà nílẹ̀ pọ̀. Kó wọn sórí fláàṣì nílé. Àmọ́ má wá Ẹlẹ́yẹlé nínú ẹ̀ o! Kódà 300 m ti sátẹ́láìtì Sentinel-3 ṣì tóbi jù fún un, Sentinel-2 tó jẹ́ 10 m ló lè rí i.

Iṣẹ́ tí mo máa ń fún wọn: mú etí òkun Gánà, níbi Tema, ẹ fi oṣù Mẹ́ta wé oṣù Kẹjọ. Láàárín oṣù Keje sí Kẹsàn-án omi tútù máa ń ru sókè látìsàlẹ̀ níbẹ̀, á gbé oúnjẹ wá fún àwọn ewéko wẹ́wẹ́ yẹn, òkun á bẹ̀rẹ̀ sí í di gíríìnì. Ẹ lo log scale (ìwọ̀n tó ń gòkè ní ìlọ́po mẹ́wàá mẹ́wàá) fún àwọ̀ máàpù yẹn o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo òkun á kàn rí bákan náà, wọ́n á sì ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìkùukùu máa ń pọ̀ lásìkò yẹn náà, ìdí nìyẹn tí mo fi ní olóṣooṣù, ti ojoojúmọ́ á kàn kún fún ihò.

Ọmọ_Móníyà:
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ojú tì mí kó tán. Níbi tí wọ́n ti kọ́ mi, mo ṣe máàpù ọ̀sà Èkó, ó pupa bí epo pupa, mo dìde níwájú gbogbo èèyàn, mo ní chlorophyll kún ibẹ̀ dẹ́nu. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ní kí n ṣí l2_flags, ìyẹn ààmì tó ń fi píkísẹ̀lì tí kò ṣeé gbára lé hàn. Yéè! Ìdajì àwọn píkísẹ̀lì mi ni ààmì wà lórí wọn, àwọn kan ìkùukùu, àwọn kan ni àtúnṣe afẹ́fẹ́ (yíyọ ìmọ́lẹ̀ tó ti inú afẹ́fẹ́ wá kúrò) ti kùnà, ìmọ́lẹ̀ búlúù wọn tiẹ̀ ti bọ́ sísàlẹ̀ òdo. Báwo ni ìmọ́lẹ̀ ṣe máa kéré ju òdo lọ, ẹ̀yin èèyàn? Wọ́n wá ṣàlàyé pé omi ewé jíjẹrà tó ń ti inú odò wọnú ọ̀sà máa ń gbé búlúù mì náà, ẹrẹ̀ tún wà níbẹ̀, àgbékalẹ̀ tí wọ́n ṣe fún agbedeméjì òkun á wá rò pé chlorophyll ni gbogbo ẹ̀. Mi ò gbàgbé ọjọ́ yẹn láé. Bùrọ̀dá, ẹ jẹ́ kí àwọn náà ṣe àṣìṣe yẹn kẹ́ ẹ tó sọ fún wọn.

Bàbá_Mọ́kọ́lá:
Ìbàdàn tí kò lókun, kí ló kàn yín pẹ̀lú àwọ̀ òkun? Ẹ kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ tí wọ́n máa rí jẹ.

Àǹtí_Dátà:
Bàbá, ẹ kú àárọ̀ sà. Láti ọdún 1978 tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó ń ka àwọ̀ òkun lọ sókè, orí tábìlì làwọn èèyàn ti ń ka òkun tí wọn ò fẹsẹ̀ tẹ̀ rí. Gíríìnì tí ọmọ yẹn ní ó ń yọ ní Gánà, ẹja ìdílé ṣàwá ló ń tẹ̀ lé e, àwọn apẹja ibẹ̀ sì mọ̀ ọ́n. Asẹ́jìrẹ́ tá à ń mu omi ẹ̀ níbí náà, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí lè fi Sentinel-2 wò ó.

Bàbá_Mọ́kọ́lá:
Ó dáa, mo ti gbọ́ ti Asẹ́jìrẹ́.

Ọmọ_Agbówó:
Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti lọ ra abọ́ ní Dùgbẹ̀ lónìí, ìyá tó tà á ní kí ló ṣe mí tí mo fẹ́ lu ihò sí abọ́ tuntun, mo ní omi ni mo fẹ́ fi wò, wọ́n sáà ń wò mí láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ lọ ṣe ètùtù. Àǹtí, okùn mítà mélòó ni kí n rà?

Àǹtí_Dátà:
Mẹ́ta ti tó, omi Ẹlẹ́yẹlé ò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ihò mẹ́ta létí ni kó o lu, má lu àárín, á máa dojú dé. Kó o sì padà lọ ra abọ́ kan sí i, torí ọ̀kan á já sódò.