Mo fẹ́ ta àpilẹ̀kọ lórí ìkọ́kọrẹ́ fún ìwé ìròyìn òkè òkun: báwo ni kí n ṣe gbé e kalẹ̀?

Aláròkọ_Oúnjẹ béèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ìdí iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ ìkọ̀wé àdáṣe lórí oúnjẹ àti ìrìnàjò ni mo ń ṣe. Mo fẹ́ kọ nípa ìkọ́kọrẹ́ àti Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde fún ìwé ìròyìn ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà. Ṣé kí n kọ ọ́ tán ni, àbí pitch nìkan ti tó, ìyẹn lẹ́tà kúkúrú tí a fi ń dábàá ìtàn fún olóòtú? Ìgbà wo ló yẹ kó dé ọwọ́ olóòtú? Kí ni kí n wò nínú ìwé àdéhùn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi yékéyéké.

Ìdí_Bébà fèsì:
Ẹ má tíì kọ ọ́ tán. Pitch ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kó má ju ọ̀rọ̀ 250 lọ. Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ pitch ni pé ìlú ni wọ́n ń tà, wọn ò ta ìtàn. "Mo fẹ́ kọ nípa oúnjẹ Ìjẹ̀bú" kò lórí, kò nídìí. Ẹ wá ìbéèrè kan tí òǹkàwé á fẹ́ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀: báwo ni ìdílé kan ṣe ń bọ́ èrò rẹpẹtẹ lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ta ló ń rin ewùrà, ìgbà wo ni ìkòkò ń gun iná? Gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ ni kí ìyẹn wà. Kí ẹ wá sọ ìdí tó fi jẹ́ àsìkò yìí, àwọn tí ẹ máa bá sọ̀rọ̀, iye ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kọ, àti ìlínkì sí iṣẹ́ yín méjì péré.

Ìwé ìròyìn orí bébà sábà máa ń ṣètò ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà ṣáájú. Ti íntánẹ́ẹ̀tì kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, Iléyá sì máa ń fi bí ọjọ́ 11 yá ju ti èṣí lọ. Ẹ kọ déètì rẹ̀ gangan sínú pitch, olóòtú ò ní bá yín wá a. Bí wọn ò bá fèsì, ẹ rán wọn létí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ẹ tó gbé e lọ síbòmíràn, ẹ kọ̀wé pé ẹ ti mú un kúrò lọ́dọ̀ wọn. Bí olóòtú méjì bá gba ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ ti pàdánù ọ̀kan nìyẹn.

Òṣùwọ̀n fèsì:
Ọ̀rọ̀ tèmi, lórí oúnjẹ fúnra rẹ̀ ni, torí ibẹ̀ gan-an ni àpilẹ̀kọ báyìí ti sábà ń bàjẹ́. Kóńgò àti "epo díẹ̀" ò wúlò fún ẹni tó ń dáná ní Manchester. Ẹ ra òṣùwọ̀n, kí ẹ fi gíráàmù kọ ọ́. Fún ẹni mẹ́rin, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibí: ewùrà bíbó 1 kg, ata lílọ̀ 400 g, epo pupa 150 ml, ẹja gbígbẹ, edé àti pọ̀nmọ́. Ẹ rin ewùrà náà kúnná, ẹ má bu omi sí i, omi ara rẹ̀ ti tó. Ẹ máa fi ọwọ́ gé e sínú ọbẹ̀ tó ń hó, ẹ dé e, ẹ dín iná kù, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 láìrò ó. Ẹni tó bá tètè rò ó, gbogbo rẹ̀ á fọ́ di àsáró. Ẹ kọ ìdí yẹn sínú ìlànà náà, torí òǹkàwé tí kò mọ ìdí á ṣáà rò ó ni.

Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú pé iṣu funfun ò ní dì bíi ti ewùrà. Ube tí àwọn ará Philippines ń tà, irú kan náà ni pẹ̀lú ewùrà, àmọ́ àwọ̀ àlùkò rẹ̀ á yí ọbẹ̀ padà. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ fún ẹni tí kò sè é rí ní ìwé náà, kó sè é láìbéèrè ohunkóhun. Ibi tó bá ti dúró ronú, ibẹ̀ ni kí ẹ tún kọ.

Àdéhùn_Tóyè fèsì:
Ọ̀rọ̀ àdéhùn: bí ẹ bá rí "all rights" tàbí "work for hire", ìyẹn ni pé gbogbo ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ náà á di tiwọn, ẹ dúró. Ẹ ò ní lè tún un tà, ẹ ò sì ní lè fi sínú ìwé tiyín. "First rights", ìyẹn ẹ̀tọ́ láti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, ni kí ẹ fún wọn, kí wọ́n sì dá iye oṣù tó máa jẹ́ tiwọn nìkan. Ẹ wo kill fee, ìyẹn owó tí wọ́n máa san bí wọ́n bá pa iṣẹ́ náà tì lẹ́yìn tí wọ́n ti ní kí ẹ ṣe é. 25% ló wọ́pọ̀. Ẹ jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀ pé ìgbà tí wọ́n bá gba iṣẹ́ náà wọlé ni wọ́n máa sanwó, kì í ṣe ìgbà tó bá jáde, torí ó lè pẹ́ kó tó jáde. Owó ọkọ̀ àti ilé ìtura náà, kó wà lákọsílẹ̀ kí ẹ tó gbéra.

Ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà máa fún yín ní fọ́ọ̀mù W-8BEN, ìyẹn fọ́ọ̀mù owó orí fún ẹni tí kì í ṣe ará Amẹ́ríkà. Ẹ kọ ọ́ dáadáa, kí ẹ sì kọ sórí ìwé tí ẹ fi ń béèrè owó yín (invoice) pé ìta Amẹ́ríkà ni ẹ ti ṣiṣẹ́, kí wọ́n má bàa yọ 30% owó orí. Ẹ ṣọ́ra fún ìrìnàjò ọ̀fẹ́ tí hòtẹ́ẹ̀lì bá fi lọ̀ yín: àwọn ìwé ìròyìn kan, The New York Times wà lára wọn, kì í gba irú àpilẹ̀kọ bẹ́ẹ̀.

Aláròkọ_Oúnjẹ:
Ẹ ṣé púpọ̀. Àwòrán ńkọ́?

Ìdí_Bébà:
Owó rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀rọ̀, ẹ béèrè fún un. Ẹ ya ti ìbú àti ti òró, ẹ má fi WhatsApp rán an, ó ń fún un pọ̀. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ bá yà, kí ẹ sì ní kó kọ orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ sínú ìwé yín, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù, nítorí àwọn tó ń yẹ òótọ́ ọ̀rọ̀ wò lè pè é.