Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí Matilda McCrear: ó ti yanjú

Ẹ ṣeun o. Ohun tí mo bèèrè ni ìdí tí a kò fi rí Matilda McCrear, ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà, tó kú sí Selma ní Alabama ní 1940, nínú ìwé ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti 1860. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni ìkànìyàn yẹn dúró lé; oṣù keje ọdún náà ni Clotilda, ọkọ̀ akẹ́rú tó gbé e wá, gúnlẹ̀ sí Mobile ní Alabama. Ká tiẹ̀ ní ó ti dé, ìwé tí ìkànìyàn náà ń kọ ẹrú sí kì í kọ orúkọ wọn; ohun tó ń kọ ni ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti àwọ̀, lábẹ́ orúkọ olówó wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń wá a, láti inú ìkànìyàn 1870, lẹ́yìn tí oko ẹrú ti parí, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má wá McCrear nìkan. Creagh lorúkọ ẹni tó rà á, Matilda fúnra rẹ̀ ló yí i padà sí McCrear; ẹ wo Crear náà. Ẹ fo ìkànìyàn 1890, iná 1921 ti ba ìwé rẹ̀ jẹ́. Ọjọ́ orí kì í bára mu láti ìwé dé ìwé, orúkọ àwọn ọmọ ni kí ẹ fi dá ilé mọ̀.

Ìwé ìròyìn ló sọ púpọ̀ jù: ilà ojú rẹ̀, àti máìlì 15 tó fẹsẹ̀ rìn lọ sí kóòtù Selma ní 1931, arúgbó tó ti lé ní 70, láti béèrè owó gbà-má-bínú fún bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú. Wọn ò fún un ní kọ́bọ̀.

Mo ti pa ìbéèrè yìí dé.