Rélùwéè kékeré tó wà nínú àjà mi ti ń sú mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ỌmọỌ̀ffà_Leeds

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù mẹ́fà, mi ò sì rẹ́ni sọ ọ́ fún, torí àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ò mọ ohun tí mò ń sọ, ìyàwó mi náà ń gbìyànjú àmọ́ kì í ṣe nǹkan tiẹ̀. Láti 2016 ni mo ti ń ṣe rélùwéè kékeré. OO ni mò ń lò, ìyẹn ni pé ohun tó bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà kan lára ọkọ̀ gidi, mílímítà 4 ni lára tèmi. Inú àjà ilé ló wà, ojú irin méjì tó yí yàrá náà po, ẹsẹ̀ bàtà 14 sí 8, pọ́íǹtì 22 (ìyẹn ibi tí ojú irin ti ń pín sí méjì), ibùdókọ̀ ńlá kan bíi tàwọn ìlú Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń jẹ èédú, ẹ́ńjìnnì mẹ́sàn-án.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé báyìí, oúnjẹ ò tíì dà lọ́fun mi tí mo ti ń gun àkàbà. Ní báyìí, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mi ò gòkè lọ. Tí mo bá sì lọ, màá tan iná, màá gbé ẹ́ńjìnnì kan lé e, á rìn díẹ̀ á dúró lórí pọ́íǹtì, màá fìka tì í, á tún rìn á tún dúró, màá paná màá sọ̀ kalẹ̀. Ìdajì pátákó yẹn ni ò tíì ní koríko tàbí ilé kankan lórí, púláì lásán ni, ó ti pé ọdún mẹ́rin tó ti wà bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé kékeré téèyàn máa ń tò pọ̀ fúnra ẹ̀ tí mo rà tí mi ò tíì tú páálí wọn tó méje. Mo wá ń rí iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì lórí YouTube, ewé orí igi níkọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń lẹ̀, ọkàn mi á tún wá rẹ̀wẹ̀sì sí i.

Mi ò fẹ́ tà á o. Ọ̀ffà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ṣọ́ọ̀bù ìyá ìyá mi ò jìnnà sí ibùdókọ̀ rélùwéè, tí ọkọ̀ bá ń bọ̀ láti Òkè Ọya, ilẹ̀ á ti máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa ká tó rí i, àwa ọmọdé á sì sá jáde lọ juwọ́ sí i. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lára mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ṣe é pẹ́, ṣé ó ti sú yín rí? Kí lẹ ṣe sí i?

Wáyà_Peckham

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ó ti sú mi rí, ẹ̀ẹ̀mejì pàápàá. Àmọ́ nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ yẹn, ibi tí ojú mi lọ ni ẹ́ńjìnnì tó ń dúró lórí pọ́íǹtì. Kò sẹ́ni tí ìyẹn ò ní sú! Èèyàn fi gbogbo ọjọ́ ṣiṣẹ́, ó wá gòkè lọ síbi tó yẹ kára ti tù ú, ó bá ẹ́ńjìnnì tó ń fà tìkọ̀. Ẹ kọ́kọ́ yanjú ìyẹn kẹ́ ẹ tó ra nǹkan kan mọ́.

Orí irin ni ẹ́ńjìnnì ti ń rí iná jẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń gbà á, tí eruku àti òróró bá ti bo irin, kò lè jẹun. Inú àjà sì leruku ju ibòmíì nínú ilé lọ. Ẹ ra isopropyl alcohol, ẹ rẹ aṣọ funfun tí kì í bó òwú sínú ẹ̀, ẹ fi nu irin, ẹ ó rí bí aṣọ yẹn á ṣe dúdú. Ẹ nu ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì àti ti wágọ̀nù pẹ̀lú o, torí tẹ́ ẹ bá nu irin tẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á tún fi ìdọ̀tí yẹn pa irin padà kílẹ̀ tó ṣú.

Tẹ́ ẹ bá nù ún tán tó ṣì ń dúró, wáyà ni. Ẹ má fọkàn tán irin pẹlẹbẹ kékeré tó so ojú irin méjì pọ̀ pé òun náà láá máa gbé iná kiri. Nínú àjà, ooru á mú kí irin nà, òtútù á mú kó súnkì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ibi ìsopọ̀ yẹn á ṣe máa tú. Èmi máa ń jó wáyà tín-ín-rín mọ́ ẹ̀gbẹ́ irin kọ̀ọ̀kan, màá lu ihò sí pátákó, wáyà náà á gba ihò yẹn lọ bá wáyà ńlá méjì tó gba abẹ́ kọjá. Ẹ fi sandpaper ha ibi tẹ́ ẹ fẹ́ jó, ẹ fi flux díẹ̀ sí i, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì lè mú irin, kẹ́ ẹ jẹ́ kí àyọ̀nù gbóná dáadáa kí lẹ́ẹ̀dì lè tètè mú, torí tẹ́ ẹ bá pẹ́ lórí ẹ̀, àwọn igi rọ́bà tó wà lábẹ́ irin á yọ́. Irin mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ kan ti tó, kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Ti pọ́íǹtì, ẹ wo ibi tí irin méjì ti ré ara wọn kọjá. Tó bá jẹ́ rọ́bà ni wọ́n fi ṣe ibẹ̀, ẹ́ńjìnnì kúkúrú á pàdánù iná tó bá débẹ̀. Èyí tó jẹ́ irin látòkèdélẹ̀ ló dáa, àmọ́ ó ń fẹ́ wáyà tiẹ̀ tí iná inú ẹ̀ á máa yí padà tí pọ́íǹtì bá yí. Ẹ má ronú pé ẹ fẹ́ pààrọ̀ méjìlélógún o. Ẹ pààrọ̀ mẹ́ta tẹ́ ẹ ń gbà jù.

ÌyáTẹ́jú_Maryland

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Wáyà ti sọ tiẹ̀, òótọ́ sì ni, àmọ́ lójú tèmi, pátákó yẹn ti tóbi jù fún ẹnì kan. Èmi àti ọkọ mi ṣe irú ẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀ ilé wa níbí, HO ni tiwa, ó kéré díẹ̀ sí OO, ó gbà wá lọ́dún márùn-ún, gbogbo ohun tá a mọ̀ ṣe lórí ẹ̀ ò ju àtúnṣe lọ. Ohun tó dá wa padà ni pátákó kékeré kan tí ò ju ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ, tó wà lórí tábìlì ní pálọ̀.

Inglenook ni wọ́n ń pe eré orí ẹ̀, Alan Wright, ará Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé e kalẹ̀. Pọ́íǹtì méjì péré, ojú irin mẹ́ta. Ọ̀kan gba wágọ̀nù 5, méjì tó kù gba 3, 3, ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fà síwá sẹ́yìn ò sì gbà ju ẹ́ńjìnnì àti wágọ̀nù 3 lọ. Ẹ máa ní wágọ̀nù 8. Tẹ́jú ọmọ mi kọ orúkọ wágọ̀nù kọ̀ọ̀kan sí bébà kékeré, ó kó o sínú ife, á fa 5 yọ, bí 5 yẹn bá ṣe jáde gẹ́lẹ́ ni ẹ gbọ́dọ̀ tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn sórí ojú irin tó gùn jù. Ọ̀nà 6,720 ni wọ́n lè gbà jáde, torí náà kì í tán. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni o, ó máa ń dákẹ́ jẹ́ẹ́, á máa fìka tọ́ka sí wágọ̀nù, á ní “mọ́mì, tá a bá kọ́kọ́ gbé eléèédú yìí síbí...” Ìgbà míì ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ìgbà míì ogójì. Ọkàn mi máa ń balẹ̀ gan-an lásìkò yẹn, kò sí ohun tí mo fi wé e.

Ẹ tún wá ẹgbẹ́ lọ. Ní Amẹ́ríkà níbí, láti 1935 ni NMRA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe rélùwéè kékeré, ti wà, November sì ni wọ́n fi ṣe oṣù rélùwéè kékeré, àwọn èèyàn á ṣílẹ̀kùn ilé wọn káwọn ẹlòmíì wá wo tiwọn. Ilé bàbá àgbà kan tá a lọ, púláì lásán ló pọ̀ níbẹ̀ bíi tiyín, síbẹ̀ èèyàn mẹ́jọ ló ń bá a wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó bi í léèrè koríko.

Bàbá_Lókò_Ìbàdàn

Ọmọ mi, mo kí ọ. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Iṣẹ́ rélùwéè ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, Ẹ̀búté Mẹ́ta ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo sì ti sun Ọ̀ffà lóru láìmọye ìgbà. Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀ffà ni ìfẹ́ yìí ti wọ̀ ọ́ lára, àmọ́ nínú gbogbo ohun tó o kà sílẹ̀ pé ó wà nínú àjà rẹ, mi ò rí Ọ̀ffà níbẹ̀.

Ojú irin tiwa yàtọ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íǹṣì 6 ló wà láàárín irin méjèèjì, ìyẹn mílímítà 1,067, irú ẹ̀ náà ló wà ní South Africa, Japan àti New Zealand. 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là á láti Èkó, wọ́n ṣí ti Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Kánò ní 1912. Èyí tuntun tó ti Ẹ̀búté Mẹ́ta wá sí Mọ́níyà níbí, tí wọ́n ṣí ní 2021, 1,435 ni tiẹ̀, òun ló bá ti Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba.

Ohun tí mo fẹ́ kó o mọ̀ ni bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ojú irin kan ṣoṣo ni, ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ ò lè pàdé lójú ọ̀nà, àfi ní ibùdókọ̀ tó ní ẹ̀ka. Ọ̀kan á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á dúró de èkejì. Ẹ́ńjìnnì á máa mí, àwọn èrò á sọ̀ kalẹ̀ na ẹsẹ̀, àwọn obìnrin á gbé fìtílà àti ọ̀dùnkún sísè wá sábẹ́ fèrèsé kóòṣì, àlùbọ́sà láti Òkè Ọya á máa rùn nínú wágọ̀nù ẹ̀yìn. Kò pẹ́ ni wàá gbọ́ fèrè èkejì lókèèrè. Ìgbà yẹn ni gbogbo ènìyàn á tún sáré wọlé.

Kò gbà ju ojú irin kan, ẹ̀ka kan, ilé kan, igi máńgòrò kan. Mo ní fọ́tò àtijọ́ ti Ọ̀ffà mẹ́ta nínú páálí mi, a ó fi ránṣẹ́. O ò ní nílò téèpù, wo ẹnu ọ̀nà inú fọ́tò, kà á sí ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ààbọ̀ ní gíga, òun ni kó o fi wọn gbogbo ìyókù.

Wáyà_Peckham

Bàbá, ẹ ṣé gan-an, ẹ ẹ̀ mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe fún mi lálẹ́ yìí. Mo ti ń ṣírò ẹ̀ látìgbà tí mo ti kà á. Ẹ pín 1,067 sí ọ̀nà 120, mílímítà 8.9 ló jáde, ojú irin N, ìwọ̀n rélùwéè kékeré míì tó kéré sí OO, sì jẹ́ mílímítà 9! Bẹ́ẹ̀ gan-an làwọn ará New Zealand ń ṣe tiwọn, 1:120 lórí ojú irin N. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ra ẹ́ńjìnnì N alókù tó ń rìn dáadáa, ẹ yọ ara ẹ̀ kúrò, ẹ fi páálí tàbí plastic kọ́ ara tiwa lé e. Àwọn ohun TT:120 tí Hornby, iléeṣẹ́ rélùwéè kékeré ti Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 2022 náà bá ìwọ̀n yẹn mu, ẹ lè mú èèyàn àti àgbá níbẹ̀, àmọ́ ojú irin tiwọn jẹ́ mílímítà 12, ẹ má rà á.

ỌmọỌ̀ffà_Leeds

Ọ̀sẹ̀ méje rèé, ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Mo ń ṣiṣẹ́ ni.

Ti àjà: mo nu gbogbo ẹ̀, aṣọ mẹ́rin ló bàjẹ́, ẹ́ńjìnnì mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án ń rìn yípo láìdúró báyìí. Wáyà, ọlọ́run á bá ẹ ṣe é. Mi ò tíì fọwọ́ kan púláì tó kù, kò sì dùn mí mọ́.

Bàbá, fọ́tò dé, ẹ pẹ́ fún wa. Mo gé pátákó ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 1, orí ṣẹ́ẹ̀fù ìwé ní pálọ̀ ló wà, kò sí àkàbà. Ojú irin kan àti ẹ̀ka kan. Alaalẹ́ ni mò ń jókòó tì í, ìgbà míì ìdajì wákàtí péré. Ilé ibùdókọ̀ náà, páálí ni mo fi ṣe ògiri. Páànù ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Páànù gidi, mílímítà 76 ló wà láàárín òkè kan sí èkejì, ní 1:120 ìyẹn ò tó mílímítà kan, kí lèèyàn fẹ́ fi ṣe é? Mo wá rí bóòtì M4 nínú àpótí irinṣẹ́ mi, ìlà ara ẹ̀ jẹ́ 0.7, mo gé fóìlì ilé ìdáná pélébé pélébé, mo tẹ́ ẹ lórí bóòtì yẹn, mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́ wọnú ìlà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo ṣí i kúrò, páànù ni! Mo pa á láwọ̀ ìpẹtà, mo fi bọ́rọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ra erùpẹ̀ pupa sí etí rẹ̀, bíríkì tí mo lọ̀ kúnná ni erùpẹ̀ yẹn. Mo jókòó, mò ń wò ó.

Lọ́jọ́ Sunday mo pe ìyá mi lórí WhatsApp, mi ò sọ nǹkan kan, mo kàn yí fóònù sí i. Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Ó ní “ṣé rélùwéè Ọ̀ffà kọ́ nìyí?” Mo ní òun ni. Ó ní kí n sún mọ́ ọn, kí n sún mọ́ ọn sí i, ó wá ní “ṣọ́ọ̀bù ìyá mi dà?”

Mo ti ń gé e. Ẹsẹ̀ bàtà 10 ni fífẹ̀ rẹ̀, mílímítà 25 lórí pátákó. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, fọ́tò ò fi igi máńgòrò hàn tán, ṣé apá ibi tí wọ́n ti ń já wágọ̀nù ló wà ni àbí apá ojú títì?