Fíìmù kọ́bọ́ì Laurel àti Hardy: níbo lẹ ti bá a pàdé?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe ní Ìlú Ọba níbí. Bàbá kan tí mò ń tọ́jú kì í fẹ́ wo nǹkan mìíràn ju Way Out West lọ, fíìmù aláwọ̀ dúdú òun funfun ọdún 1937. Mo ti rò pé ìbọn ni wọn ó máa yìn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Rárá o! Stan Laurel àti Oliver Hardy (Ollie), àwọn aláwàdà méjì, ló gbé ìwé ẹ̀tọ́ ìní ibi ìwakùsà góòlù kan wá fún ọmọbìnrin tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Onílé ọtí tí ọmọ náà ń bá ṣiṣẹ́ wá ti ìyàwó tirẹ̀ síwájú pé òun ni ọmọ olóògbé. Àwọn ọ̀dẹ̀ méjèèjì sì gbé ìwé lé e lọ́wọ́.

Stan fọ́nnu pé bí àwọn ò bá rí ìwé náà gbà padà, òun ó jẹ akẹtẹ̀ Ollie. Wọn ò rí i gbà. Ollie ní ó yá, jẹ ẹ́. Stan bú sẹ́kún, ó bù ú jẹ. Ó tún bù ú. Àṣé ó dùn! Ó so ìnuwọ́ mọ́rùn, ó wọ́n iyọ̀ sí i, ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ ẹran ìgbẹ́. Ollie náà yọ́ já díẹ̀, ló bá tu ú dànù. Bàbá tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ yìí, tó bá ti dé ibẹ̀, kì í wo tẹlifíṣọ̀n mọ́. Ojú mi ló ń wò, bóyá mò ń rẹ́rìn-ín.

(Ibi tí ìyàwó onílé ọtí yẹn ti ń fi ìka rìn Stan lára kó máa rẹ́rìn-ín, kó lè já ìwé gbà, ti gùn jù fún mi o.)

—

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ijó iwájú ilé ọtí ni èmi kọ́kọ́ rí, lórí WhatsApp. Ẹnì kan ti yọ orin tó wà níbẹ̀, ó fi jùjú rọ́pò rẹ̀, ẹsẹ̀ wọn sì bá ìlù mu wẹ́kú. Ìgbà tí mo wo fíìmù gan-an ni mo tó mọ̀ pé ẹgbẹ́ akọrin Avalon Boys ló ń kọrin. Àmọ́ àtàǹpàkò ló pa mí lẹ́rìn-ín jù: Stan á ta tiẹ̀ bí ẹni ṣáná, iná á sì sọ lórí rẹ̀. Ollie á ta tiẹ̀ títí, pàbó. Ìgbà tó wá ràn fún un, ẹ̀rù bà á!

—

Àbúrò, fi fídíò jùjú yẹn sílẹ̀ níbí jàre.